Fáànù Ojú Fèrèsé àti Imú Bàbá Káyọ̀

Òórùn gọ́ọ̀mù oníbàtà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Á kọ́kọ́ dùn díẹ̀ nímú bí ohun tí èèyàn lè tọ́ lá, lẹ́yìn náà á gun agbárí lọ, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Mo rántí gbogbo òórùn tó wà nílé wa ní Jakande Estate, Ìlasàn, mo sì rántí orúkọ gbogbo ẹni tó gun àtẹ̀gùn wa rí, láti orí Súlè tó ń ta kẹrosíìnì títí dé orí Ìyá Bísí àkọ́kọ́ àti Ìyá Bísí kejì. Àwọn ọmọ mi ní orí mi dà bí ilé tí wọn kì í ti í da nǹkan nù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọ́n sì mú mi kúrò kí n lọ máa ran ìyá mi lọ́wọ́, orí mi wá di ìwé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: ọkọ mi Bàbá Káyọ̀, Ìyá Nàfísá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, àti èmi. Ẹ fi imú Bàbá Káyọ̀ kún un, ó di mẹ́rin, nítorí imú ọkọ mi nígbà náà, èèyàn ni láyè ara rẹ̀.

Ọmọ Lákòwé ni mí. Kó tó di pé koríko pẹrẹsẹ àwọn olówó tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré dé ẹ̀gbẹ́ abúlé wa, ìyá mi ń yan ẹja níbẹ̀, nínú ahéré kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ méjì. Oníbàtà ni Bàbá Káyọ̀ nígbà tó ń wá mi wá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, kò tíì dé iwájú ilé, ojú ọ̀nà ló ti dúró, ó gbé imú sókè bí ajá ọdẹ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Àrọ̀ ló wà lórí iná, àmọ́ epìyà kan wà láàárín wọn tó ti fẹ́ jóná." Ìyá mi lọ wò ó. Epìyà náà ti dúdú nídìí. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Yẹ eléyìí wò dáadáa. Ẹni tó bá ní irú imú yìí kò ní jẹ́ kí ìkòkò rẹ jóná." Bí mo ṣe di ìyàwó oníbàtà nìyẹn. Àwọn kan fẹ́ ọkọ nítorí ẹ̀wà, àwọn kan nítorí owó. Imú ni èmi tẹ̀ lé.

Láti ìgbà tí a ti kó dé Jakande la ti ń ta ayò kan tí kò ní ọpọ́n. Tí Bàbá Káyọ̀ bá ti ìsọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, yóò pariwo pé, "Má sọ o! Má sọ!" Yóò fa afẹ́fẹ́ símú, yóò di ojú, yóò wá dá oúnjẹ mi lórúkọ kó tó rí ìkòkò. Tó bá gbà á, èmi ni n óò fọ àwo. Tó bá ṣì í, òun ni. Ẹ má bi mí bí ọwọ́ mi ṣe rí nígbà tí mo fi máa di abiyamọ ọmọ mẹ́rin. Ọkùnrin náà kì í ṣì í. Ó máa ń mọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí ṣọkọ. Ó mọ ìgbà tí mo bá fi irú tó ti pẹ́ sínú ọbẹ̀. Ìgbà kan tí mo bínú sí i, mo se ikọ́kọrẹ́ láìfi ẹja sí i, orí àtẹ̀gùn ló wà tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Abẹ̀kẹ́, kí ni mo ṣe tí ẹja fi kọ̀ mí sílẹ̀?"

Abẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ẹ̀sítéètì ni ìsọ̀ rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀, atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ wá, ó ń kó òórùn gọ́ọ̀mù àti tínà tí wọ́n fi ń pò ó lọ síbi tí kò kan ẹnikẹ́ni. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé atẹ́gùn yẹn ń bá wa ṣiṣẹ́. Nígbà tí onílẹ̀ ta ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Káyọ̀ kó tábìlì, òòlù, abẹ́rẹ́ àti àwọn agolo gọ́ọ̀mù rẹ̀ wá sí fúláàtì wa lókè pátápátá, sínú yàrá tí Káyọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó gbéyàwó. Inú mi dùn. Mo rò pé ọkọ mi ló padà wá sílé. N kò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ló ń gbé ọkọ mi bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù.

Ní àsìkò náà, kò sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọn kò ti ń kọ́ ilé. Iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì ń fò káàkiri bí eṣinṣin. Tí eruku bá bà lé awọ tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù pa, ìtẹ̀lẹ̀ bàtà kò ní lẹ̀ dáadáa, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1 kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fún ní bàtà tó la ẹnu. Nítorí náà ó ti fèrèsé pa. Ìyẹn ṣì yé mi. Èyí tó pabanbarì ni ti ìtìjú. Ó ní kò yẹ kí òórùn iṣẹ́ òun máa yọ aládùúgbò lẹ́nu, ó wá ká àkísà, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọlúwàbí ni ọkọ mi. Gbogbo ohun tí ará ilé ì bá pín fà símú, òun nìkan ló jókòó tó ń fà á. Ó gbé fáànù kékeré kan sórí tábìlì, fáànù yẹn sì ń gbé òórùn náà láti ògiri dé ògiri bí ẹni tó ń kiri ọjà tí kò tà. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò há mọ́ ọn, á ní, "Kò sí ooru rárá, Ìyá Káyọ̀. Fáànù ń fẹ́."

Ó ti ṣe díẹ̀ tó wà nínú yàrá náà kó tó kọ́kọ́ pe ẹ̀gúsí ní ilá. Ayò wa ti yí díẹ̀ nígbà yẹn: ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ló ti máa ń dúró kígbe pé "Má sọ o!" Mo rò pé eré ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó pe ẹ̀wà ní ẹ̀fọ́. Mo jó. Mo jó yí kíṣìnì po. Ó fọ àwo, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo ń bá a tọ́ka sí ibi tí kò mọ́. Ó tún ṣì í, ó tún fọ àwo. Èmi ò bi ara mi pé kí ló dé. Ẹni tó ti ń pàdánù láti ìgbà èwe, tí ayò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ fún un, ṣé ó máa ń béèrè ìdí ni?

Àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó ń gbà á nìkan, ó ń gbà á ní àgbàkọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jáde, ó di ojú, ó fa imú fííì, ó ní, "Òbòkún ni. Orí rẹ̀ sì tóbi." Mo ti ń kó àwo lọ síbi omi kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí létí. Imú ẹni tó mọ nǹkan lè mọ òbòkún. Imú wo ló ń mọ bí orí ẹja ṣe tóbi tó? Mo wá rántí fóònù rẹ̀ tó máa ń dún nínú yàrá iṣẹ́ kó tó jáde, mo sì rántí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹja tí mo rà.

Ọjà Jakande ni Ìyá Nàfísá ti ń ta ẹja, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti ń rà. Mo lọ bá a nídìí àtẹ lọ́jọ́ kejì. N kò kí i dáadáa.

"Ìyá Nàfísá, kí lẹ̀ ń bá ọkọ mi sọ lórí fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́?"

Ọ̀bẹ tó fi ń há ìpẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Haa! Wàláì, Ìyá Káyọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò o!"

"Kí ni mò ń rò?"

"Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Mo káwọ́ lérí. Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ gbàgbé ẹja wọn.

"Ẹja yín ni o," ó wá sọ, ó ń wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n máa sọ èyí tí ẹ bá rà fún àwọn. Wọ́n ní táwọn bá tún fọ àwo lọ́sẹ̀ yìí, egungun ẹ̀yìn àwọn á kán. Àánú wọn ló ṣe mí. Àgbà ni wọ́n."

"Kí ni wọ́n ń fún yín?"

"Wọ́n bá mi tún sálúbàtà ṣe." Ó na ẹsẹ̀ kí n rí i. Ká sòótọ́, ó tún un ṣe dáadáa.

Mo ní kò burú, n kò bínú, ṣùgbọ́n láti òní lọ, èmi ló ń bá ṣiṣẹ́. Kó pè é lóòní, kó sọ fún un pé òbòkún ńlá ni mo rà. Ó bi mí pé èwo ni n óò rà. Mo ní n kò ní ra ohunkóhun. Ẹ wò ó, inú Ìyá Nàfísá dùn ju tèmi lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti dá ọ̀dàlẹ̀ mọ́ wọn lára, èèyàn dáadáa ni wọ́n sì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo gbé ìkòkò omi lásán kaná. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Ó hó, mo dé e. Ọkọ mi jáde, ó kígbe "Má sọ o!", ó di ojú, ó fa imú gùn bí ẹni tó ń fa okùn kànga.

"Òbòkún," ló wí. "Ó ń ta sánsán."

"Báwo ni ata rẹ̀ ṣe rí?" mo bi í.

"Ó le díẹ̀. Àmọ́ ó bá a mu."

Mo ṣí ìdérí. A jọ wo omi náà. Ó ń hó, ó mọ́ kedere, ìsàlẹ̀ ìkòkò hàn. Bàbá Káyọ̀ wò ó pẹ́, ó wá ní, "Ẹja náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba kànrìnkàn lọ síbi àwo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu mi. Mo rántí pé ó ti ń di iwájú orí mú láàárọ̀, pé ó ti ń pe kọfí ní tíì, pé ó bu òróró sórí ẹ̀wà tó ti kan tó sì jẹ ẹ́ tán. Mo ní, "Bàbá Káyọ̀, imú yín ńkọ́?" Ó ní ọ̀fìnkìn ni. Mo ní ọ̀fìnkìn wo ni kì í sín? Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé yàrá yẹn. Ó ní eruku ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé lòun ti ń lo gọ́ọ̀mù, ṣé òun kú ni? Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ nítorí imú, tí imú bá lọ, agídí ló máa bá nílẹ̀.

Ohun tó tú àṣírí pátápátá, n kì í fẹ́ rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kì í lè rántí rẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Mo ń ti ọjà bọ̀ lọ́sàn-án, mo gbé àrọ̀ tútù kan dání nínú náílọ̀nù, ẹja tó sanra. Mi ò tíì gun àtẹ̀gùn tán tí òórùn gáàsì fi pàdé mi. Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi tí kì í sáré, ó sáré. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, gáàsì ti kún ilé, rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ sítóòfù ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ọkọ mi sì dúró gbọnrangandan sáàárín rẹ̀, ó ti gbé ọbẹ̀ àná lé sítóòfù, páálí ìṣáná wà lọ́wọ́ òsì, igi ìṣáná wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti fi orí igi náà kan ẹ̀gbẹ́ páálí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí ayé rẹ̀ dára.

Kò sí àyè ọ̀rọ̀. Ẹja tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi gbá ọwọ́ rẹ̀. Mo gbá a tọkàntọkàn. Ìṣáná fò lọ síhìn-ín, páálí fò lọ sọ́hùn-ún, náílọ̀nù ya, ẹja lẹ̀ mọ́ ọn láyà kó tó jábọ́. Mo dí ẹnu sílíńdà, mo ṣí fèrèsé, mi ò fọwọ́ kan iná, mo fi ọrùn aṣọ fà á jáde sórí àtẹ̀gùn. Ìyá Nàfísá, tí kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, ti ṣílẹ̀kùn, ó ń pariwo pé, "Kí ló dé? Kí ló dé? Ẹ má lù wọ́n mọ́, ẹja lásán ni!" Òun rò pé ti òbòkún ọjọ́sí ni mo ṣì ń jà sí.

Bàbá Káyọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó nu ojú, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń yọ̀, ó ní, "Àrọ̀ ni. Èyí dá mi lójú. Ó ní irùngbọ̀n."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo rí i tó gbé ọwọ́ náà sí imú, tó ń fà á, tó ń fà á. Kò pè mí ní Ìyá Káyọ̀. Ó ní, "Abẹ̀kẹ́, n kì í gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Ó ti pẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé tí o bá mọ̀, o ò ní bá mi ta ayò mọ́."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ kékeré tó ní èjí. Ìbéèrè méjì ló bi í. "Bàbá, fèrèsé mélòó ló wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́?" Ó ní kan, ńlá ni. "Ṣé ó máa ń ṣí?" Ọkọ mi bojú wò mí bíi pé èmi ni wọ́n bi. Dókítà ní gọ́ọ̀mù àti tínà ló ń jà á lórí, pé tí afẹ́fẹ́ tútù kò bá wọ yàrá yẹn kí òórùn sì jáde, imú nìkan kọ́ ló máa mú lọ, ó lè kan ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀. Ó ní imú lè padà, ó sì lè má padà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀ relé. Ohun tó wà nílẹ̀ ti yé wa: yálà kí yàrá náà yí padà, tàbí kí iṣẹ́ kúrò nílé. Iṣẹ́ kò sì ní ibòmíràn tó máa lọ.

Ó ra fáànù ojú fèrèsé, èyí tó ní ìgbátí onírin. Rìlíwáànù tó ń ṣe wáyà iná ló wá dè é, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló pàṣẹ ibi tó máa kọjú sí. Ẹ sọ fún mi, ta ni nínú àwa ará Èkó tó ra fáànù rí tí kò kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀? Ó kọjú rẹ̀ sínú yàrá. Fáànù gba afẹ́fẹ́ láti ìta, ó fi lé gbogbo òórùn inú yàrá jáde bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba pálọ̀, ó kọjá sí ọ̀kánkán. Kò pẹ́ tí Ìyá Nàfísá fi dé pẹ̀lú abọ́ ẹja lọ́wọ́.

"Bàbá Káyọ̀, ẹja mi ń rùn bíi bàtà!"

"Ẹ ṣe sùúrù," ọkọ mi fèsì. "Láti ọjọ́ yìí bàtà mi ló ń rùn bí ẹja yín. Ẹ̀san ni."

"Ẹ rí ìyẹn sọ! Imú wo lẹ fi gbọ́ ọ?"

Wọ́n dijú mọ́ra wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rìlíwáànù yí fáànù, ó kọjú rẹ̀ síta, síbi tí kò sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, tí mo bá wọlé, orí ń fọ́ mi. Fáànù ń kùn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kò sì gbé nǹkankan. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá sí mi lọ́kàn, àti ahéré ẹlẹ́nu méjì yẹn. Mo ti bi wọ́n rí ní kékeré pé kí ló dé tí wọn kò dí ẹnu kan. Wọ́n ní, "Èéfín kì í gba ojú kan jáde tí afẹ́fẹ́ kò bá gba ojú kejì wọlé. Èyí tí kò bá rọ́nà, inú ojú onílé ló máa sùn sí. Ìwọ náà, má dúró sójú ọ̀nà rẹ̀. Jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ kan ẹ̀yìn rẹ kó tó kan ẹja."

Mo kó gbogbo agolo gọ́ọ̀mù àti tínà jáde, mo jẹ́ kí yàrá náà wà ní ṣíṣí títí òórùn fi lọ, nítorí gọ́ọ̀mù àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo wá ti gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, àkísà lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo tan fáànù, mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀, mo ní kó jókòó kó máa wò ó. Èéfín náà dìde, ó yí po, kò mọ ibi tó ń lọ. Mo fa àkísà yọ. Ó dúró díẹ̀, ó wá tẹ̀ sápá kan bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó kọrí sí fáànù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni tábìlì wà, tí ọkọ mi sì kọjú sí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ gan-an ni èéfín kọ́kọ́ gbà kó tó kọjá. Ó wúkọ́.

"Ẹ gbé tábìlì lọ sábẹ́ fèrèsé," mo wí. "Kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn."

Ó yarí. Gọ́ọ̀mù ti mú imú rẹ̀ lọ, gáàsì ti fẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ohun tó wá ń jà fún ni pé àgbà ọkùnrin kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní bàbá òun kò ṣe é rí. Ó ní ṣé òun máa jókòó tí ẹnikẹ́ni á kàn wọlé lẹ́yìn òun bí ẹni wọ ọjà? N kò bá a jiyàn. Mo lọ sí yàrá mi, mo yọ dígí tí mo fi ń wé gèlè, mo kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbé e tẹ̀ díẹ̀ kó lè mú ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo yọ ahọ́n sí i. Ó rí mi nínú dígí, ó yọ tirẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tábìlì parí síbẹ̀.

Ìyókù rọrùn. Káfíńtà gé abẹ́ ilẹ̀kùn díẹ̀, mo na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó sí i kó máa gba eruku mú, mo ń fọ̀ ọ́. Fèrèsé kíṣìnì ni a fi ń gba afẹ́fẹ́ tútù wọlé, á kọjá ní ọ̀nà àárín ilé, á wọ yàrá rẹ̀ láti ẹ̀yìn, á kan awọ, á bá fáànù jáde. Agolo tí kò bá lò lọ́wọ́, ìdérí gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Tí iná bá lọ tí fáànù sì dúró, gọ́ọ̀mù parí nìyẹn, abẹ́rẹ́ àti òwú ló kàn. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Ní gbogbo ìlú Èkó, ọkọ mi nìkan ni ẹni tí iná máa ń lọ tí ìyàwó rẹ̀ á pàtẹ́wọ́.

Orí fífọ́ kọ́kọ́ lọ. Imú kò dé. A dá ayò dúró. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká dá a dúró, ó kàn ń jáde, ó ń jókòó, ó ń jẹun, a sì jọ ń fọ àwo pa pọ̀ bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá Nàfísá pàápàá kò tà mí lẹ́ja pẹ̀lú àwàdà mọ́. Oṣù ń gorí oṣù.

Ní ọ̀sán kan mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jókòó sórí àpótí, oorun gbé mi lọ. Ariwo ló jí mi. "Abẹ̀kẹ́! Má sọ o! Má sọ! Ẹ̀wà ni! Ó ń jóná!" Mo dìde, kíṣìnì ti dúdú. Òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òòlù lọ́wọ́, omijé lójú, kì í ṣe ti èéfín. Ó ń fa imú, ó ń fà á, bí ọmọ tó rí ọmú. Ìyá mi ti sọ ọ́, pé kò ní jẹ́ kí ìkòkò mi jóná. Ó pẹ́ díẹ̀ ni.

Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ní, "Ṣé ẹ rò pé mo sùn ni? Mo mọ̀ọ́mọ̀ jó o ni, kí n fi dán yín wò."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣì ní àmì ògiri tó o fara tì sùn."

A jẹ ẹ̀wà jíjóná yẹn tán. A ké sí Ìyá Nàfísá, ó bá wa jẹ ẹ́, ó ń pariwo pé ó korò, ó ń bu òmíràn. Èmi ni mo fọ àwo. N kò tíì fi ayọ̀ fọ àwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Imú náà kò padà tán. Kò mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí ṣọkọ mọ́, ó sì máa ń pe ogbọ̀nọ̀ ní ilá. Ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí gáàsì bá jò, ó sì mọ ìgbà tí mo bá bínú láti ara ikọ́kọrẹ́. Ìyẹn tó fún ọkùnrin.

Ó ti lọ báyìí. Ọkàn ni wọ́n ní ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, níbi tó ti ń sinmi lórí àga lẹ́yìn ìjẹun ọ̀sán, wọ́n ní gọ́ọ̀mù kò lọ́wọ́ sí i. Mo sin ín sí ìlú rẹ̀, mo padà wá sí Jakande. Káyọ̀ ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Ajah, pé ilé àwọn fẹ̀, pé kíṣìnì àwọn ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín láti orí sítóòfù. Mo lọ wò ó. Ó dára. Ó ń fa òórùn ọbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́, n óò máa wá kí wọn.

Yàrá náà ṣì wà bó ṣe wà, tábìlì lábẹ́ fèrèsé, àga tó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo ti kó àwọn agolo gọ́ọ̀mù fún oníbàtà kan ní Ìgbó-Ẹfọ̀n, mo sì rọ̀ ọ́ gidigidi pé kó ṣí fèrèsé. Fáànù ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ. Tí mo bá ń se nǹkan ní ìrọ̀lẹ́ tí iná sì wà, n óò tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ yóò gba fèrèsé kíṣìnì wọlé, yóò gbé òórùn ìkòkò mi, yóò gba ọ̀nà àárín ilé, yóò wọ yàrá iṣẹ́ láti ẹ̀yìn, yóò kọjá lórí àga kó tó jáde. Bí a ṣe tò ó nìyẹn, kò mọ ọ̀nà mìíràn. Lónìí, ikọ́kọrẹ́ ni, mo sì fi ẹja sí i. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo yọ ahọ́n sí dígí. Arúgbó kan ló yọ tirẹ̀ padà. Mo dúró díẹ̀ sí i, bó ti yẹ kéèyàn ṣe fún ẹni tó ń ronú.

Kò dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn ti ṣì í, òfin wa ni. Mo padà sí kíṣìnì, mo jẹun, mo sì kó àwo sílẹ̀ síbi omi láìfọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí kì í ṣe èmi ló kàn.